Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Kun Ẹ̀dà "Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn" ti Leonardo da Vinci

Inú pálọ̀ àwọn òbí mi ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán yìí: férémù aláwọ̀ wúrà, gíláàsì lójú, Jésù láàárín, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì. Ẹni tó bá dàgbà nílé onígbàgbọ́ nílẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ ẹni tó yà á. Ẹ̀rọ ló tẹ tiwa, oòrùn ojú fèrèsé sì ti fa gbogbo pupa inú rẹ̀ gbẹ, ó wá ku búlúù àti àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn tí mo di ayàwòrán, ìyá kan nínú ìjọ wa ní kí n fi ọwọ́ kun ún fún òun. Mo pè é ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin ló gbà, àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì kéré. Mo ti kun ún lẹ́ẹ̀mejì sí i látìgbà náà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kọ síbí. Mo gbà pé ẹni tó ń kà á ti lo ọ̀dà olóròóró rí, ó sì mọ búrọ́ọ̀ṣì dì mú. Ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán, tó kàn fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, á rí ohun tí yóò máa wò nígbà tí wọ́n bá gbé e wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà nìyí. A máa ń mú àwòrán kàlẹ́ńdà, tàbí èyí tí fóònù bá kọ́kọ́ gbé jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ. Ṣùgbọ́n irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, oníkálukú ló sì ti fi tiẹ̀ kún un.

Ara ògiri ni ojúlówó wà, nínú yàrá ìjẹun àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ Kátólíìkì tí à ń pè ní Dominican, ní Santa Maria delle Grazie, nílùú Milan, ní Ítálì. Ludovico Sforza tó ń ṣàkóso Milan ló gbéṣẹ́ náà fún Leonardo. Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1495, ó sì parí rẹ̀ ní 1498. Ìṣe àwọn ayàwòrán ìgbà náà ni kí wọ́n fi ọ̀dà olómi sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ńdà, kí ọ̀dà àti ògiri lè gbẹ pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀nà yẹn kò gba ìdúró: ibi tí wọ́n bá rẹ́ láàárọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kùn ún tán kó tó gbẹ. Leonardo kì í ṣe ẹni tí í kánjú. Matteo Bandello, tó rí i lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tó wà lọ́mọdé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà mìíràn á gun orí pákó láàárọ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìjẹ láìmu. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ á gorí ọjọ́ tí kò ní fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Á kàn dúró, á máa wo iṣẹ́ náà.

Ògiri gbígbẹ ló wá lò, ọ̀dà tó sì fi kùn ún ní ẹyin àti òróró nínú. Ó rí àyè tún un ṣe bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀dà náà kò wọnú ògiri. Lọ́dún 1517, Antonio de Beatis tó lọ wò ó kọ ọ́ pé ó ti ń bàjẹ́. Ní 1652 wọ́n la ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀ ògiri náà, ẹsẹ̀ Jésù sì bá a lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1943, bọ́ǹbù wó yàrá náà. Àwọn àpò iyanrìn tí wọ́n ti tò ti ògiri ni kò jẹ́ kí àwòrán náà pa rẹ́. Láti 1978 sí 1999 ni Pinin Brambilla Barcilon fi tún un ṣe, tó ń fara balẹ̀ bó ọ̀dà tí àwọn alátùn-únṣe ìṣáájú ti kùn lé e lórí kúrò. Ohun tó jẹ́ ti ọwọ́ Leonardo gan-an lára ògiri náà lónìí kò pọ̀ mọ́.

Ẹ̀dà àfọwọ́kùn àtijọ́ ló wá ń ràn wá lọ́wọ́. Giampietrino, tó bá Leonardo ṣiṣẹ́, kùn ún sórí kánfáàsì ní nǹkan bí ọdún 1520, ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ògiri dọ́gba. Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán nílùú London, ló ni ín báyìí. Wọ́n ti gé apá òkè rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Jésù pé níbẹ̀, àwo iyọ̀ tí apá Júdásì tì ṣubú náà hàn kedere. Àwọn alátùn-únṣe ní Milan pàápàá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà iṣẹ́ wọn. Ẹ̀dà mìíràn wà nílé àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ní Tongerlo, ní Bẹ́ljíọ̀mù, láti ọdún 1545. Tiẹ̀ ní àjà ilé lókè. Òmíràn wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ní Ponte Capriasca, ní Switzerland, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àpọ́sítélì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wá tan àwòrán náà káàkiri ayé ni iṣẹ́ Raphael Morghen, tó gbẹ́ ẹ sára bàbà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1800. Dúdú àti funfun ni. Ẹni tó bá fi àwọ̀ sí irú èyí, àwọ̀ inú ara rẹ̀ ló ń fi sí i.

Ìmọ̀ràn mi rèé: ẹ mú ojú, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ láti ara ògiri Milan bó ṣe rí lẹ́yìn 1999, ẹ mú ẹsẹ̀, àwo iyọ̀ àti gbogbo ibi tí ògiri ti ṣí láti ara Giampietrino, tí àjà bá rú yín lójú, ẹ wo Tongerlo. Àwọn fọ́tò tó mọ́ gaara wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ògiri àti ti Giampietrino, tí èèyàn lè fẹ̀ lójú títí á fi rí ojú búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ tún wá àwọn àwòrán tí Leonardo fi ẹfun pupa àti dúdú yà nígbà tó ń múra iṣẹ́ náà sílẹ̀: orí Júdásì, ti Fílípì, ti Jákọ́bù àgbà, ti Bátólómíù. Wọ́n wà ní Windsor, nínú àkójọ ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun tó kọ́ mi ní ojú Fílípì tó èyí.

Ìwọ̀n

Ògiri náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 460, ó fẹ̀ ní 880. Bí ó bá ga ní ọ̀kan, ó fẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀kan àti mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Férémù tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra férémù ṣáájú yóò gé àwọn tó wà létí tábìlì kúrò tàbí kí ó fún wọn pọ̀. Mo ṣe èyí nínú iṣẹ́ mi àkọ́kọ́: mo ti ra pákó ẹsẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, mo sì fún gbogbo wọn pọ̀ kí wọ́n lè gbà. Mátíù àti Tádéù ń wọ ara wọn lára títí dòní.

Ìdá kan nínú márùn-ún ni mo fẹ́ràn jù: gíga 92, fífẹ̀ 176. Orí èèyàn á tóbi tó kí búrọ́ọ̀ṣì lè sọ ohun tó wà lójú rẹ̀, ògiri pálọ̀ á sì gbà á. Tí ilé bá kéré, ẹ lo ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn 57.5 sí 110. Kéré sí ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni búrọ́ọ̀ṣì á kan ojú Jòhánù tó ti tán, mi ò sì gbà á nímọ̀ràn. Káfíńtà ni kó wá ṣe férémù tó bá ìwọ̀n yìí mu.

Kánfáàsì

Igi tó ti gbẹ dáadáa, tí kò ní kòkòrò, ni kí káfíńtà lò. Nítorí fífẹ̀ rẹ̀, ẹ ní kó fi igi méjì gbè é ní òòró láàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi ìsàlẹ̀ á tẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ fífa kánfáàsì láti àárín igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lọ sí igun díẹ̀díẹ̀, apá yìí, apá ọ̀hún, títí tó fi máa dún bí awọ gángan tí ẹ bá fi ìka ta á. Ní ìgbà òjò yóò dẹ̀, nígbà ọyẹ́ yóò le. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi èèkàn igi kéékèèké sí igun férémù, èyí tí a lè gbá wọlé díẹ̀ nígbà tó bá dẹ̀.

Gesso, ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ kánfáàsì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ fi yanrìnpépà fẹ́lẹ́ yọ̀ ọ́ láàárín ìkínní àti ìkejì, ìkejì àti ìkẹta. Ojú rẹ̀ ní láti jọ̀lọ̀ ju ti àwòrán ọjà lọ, torí pé ìka ọwọ́ ló pọ̀ jù níbí, ìka kò sì fẹ́ ojú kánfáàsì tó rí gbágungbàgun.

Yíyà rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ má yà á tààrà sórí kánfáàsì. Ẹ lẹ bébà pọ̀ títí tó fi máa tó 92 sí 176, kí ẹ kàn án mọ́ pákó. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ fọ́tò yín jáde ní 46 sí 88. Ẹ fa ìlà onígun mẹ́rin sórí fọ́tò náà ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì, kí ẹ sì fa ti bébà ńlá ní mẹ́rin-mẹ́rin. Méjèèjì á ní ojú 44 ní ìbú, 23 ní òòró. Ojú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí fọ́tò ni kí ẹ gbé sí ojú tó bá a mu lórí bébà.

Àmọ́ kí ẹ tó ya èèyàn kankan, ẹ ya ilé. Nígbà tí wọ́n ń tún ògiri náà ṣe, wọ́n rí ihò ìṣó kan ní ẹ̀bá ojú ọ̀tún Jésù, níbi tí egungun orí ti bá ojú pàdé. Ibẹ̀ ni Leonardo ti ta okùn tó fi wọn gbogbo ìlà yàrá náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ẹ kan ìṣó kékeré síbẹ̀ lára bébà, ẹ so òwú mọ́ ọn, kí ẹ na òwú náà dé etí bébà. Ìlà àjà, orí aṣọ mẹ́rin mẹ́rin tó rọ̀ sára ògiri ọ̀tún àti òsì, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ bá òwú náà lọ. Tí ìlà kan bá ṣẹ́ kúrò, òun ló ṣìnà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó sì máa ń rẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ṣe é tán, ojú ẹni tó bá wọ yàrá yóò lọ bá Jésù kó tó mọ̀, láìsí òrùka ìmọ́lẹ̀ lórí Rẹ̀. Leonardo kò fi òrùka yẹn sórí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fèrèsé àárín tó wà lẹ́yìn Olúwa ló fi ṣe é. Mo ti rí ẹ̀dà tí wọ́n fi òrùka wúrà kún. Ìfẹ́ Ọlọ́run ló mú wọn ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó pa iṣẹ́ òwú àti fèrèsé náà.

Ọwọ́ ni kí ẹ kà

Gbogbo àwòrán yìí dúró lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí kẹrìndínlọ́gbọ̀n: "Lóòótọ́ ni mo wí fún yín, ọ̀kan nínú yín ni yóò fi mí hàn." Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu Rẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ń kùn ni bó ṣe bá ẹnìkọ̀ọ̀kan. Leonardo ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí oníkálukú á máa ṣe: ẹnìkan tó ń mu nǹkan gbé ife sílẹ̀, ẹnìkan fi ìka kọ́ra, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ẹnìkan la àtẹ́lẹwọ́ ó sì gbé èjìká sókè. Ẹni tó bá da ìlà wọn kọ láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ, ọwọ́ wọn á rí bí ibọ̀wọ́ tí kò sí ẹran nínú.

Mẹ́ta mẹ́ta ló pín wọn. Láti òsì ẹni tó ń wò ó, Bátólómíù ti dìde dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ tábìlì, ó na ọrùn kó lè gbọ́. Jákọ́bù kékeré gba ẹ̀yìn Áńdérù na ọwọ́ kan Pétérù. Áńdérù àgbàlagbà gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè sí iwájú àyà, bí ẹni ń wí pé "ọwọ́ mi mọ́."

Mẹ́ta tó tẹ̀ lé wọn ló le jù. Pétérù fara tẹ̀ síwájú láti bá Jòhánù sọ̀rọ̀ létí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní èjìká Jòhánù, ọ̀tún rẹ̀ di ọ̀bẹ mú lẹ́yìn Júdásì, ọrùn ọwọ́ náà sì tẹ̀ sẹ́yìn débi pé ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé ọwọ́ náà kò ní ẹni tó ni ín. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ mú ṣíbí, kí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó yà á. Jòhánù fi orí tì sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ wo ilẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì. Júdásì fà sẹ́yìn, àpò owó wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń lọ sí ibi àwo kan náà tí ọwọ́ ọ̀tún Jésù ń lọ. Àyè tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo máa ń wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Tí ó bá fẹ̀ jù, ìtàn náà ti já.

Jésù nìkan ló ṣe jẹ́jẹ́. Ara Rẹ̀ rí bí onígun mẹ́ta, orí lókè, ọwọ́ méjèèjì ní ìsàlẹ̀: ọ̀tún dojú bolẹ̀, òsì la àtẹ́lẹwọ́ sókè. Àlàfo wà láàárín òun àti Jòhánù. Ẹ má fi nǹkan kankan dí i.

Lápá kejì Rẹ̀, Tọ́másì yọjú láti ẹ̀yìn, ó na ìka kan sókè. Jákọ́bù àgbà la ọwọ́ méjèèjì, ó la ẹnu. Fílípì dìde, ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan àyà: "Èmi ni bí, Olúwa?" Ní ìparí tábìlì, Mátíù yíjú sí Símónì ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀nà Jésù; Tádéù tẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé ọ̀tún sókè; Símónì tí orí rẹ̀ pá la ọwọ́, bí àgbà tí wọ́n bi ní ohun tí kò mọ̀. Ọwọ́ Mátíù ló ń dá ojú wa padà sí àárín. Ẹ jẹ́ kó nà tán.

Ní ti ara mi, mo máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, kí wọ́n jókòó ní mẹ́ta mẹ́ta, kí n sì ya ọwọ́ wọn sórí bébà kí n tó padà sí ti Leonardo. Fọ́tò fi bí ọwọ́ ṣe rí hàn mí, ọwọ́ alààyè fi ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn mí.

Nígbà tí yíyà bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi èédú pa ẹ̀yìn bébà náà, ẹ tẹ́ ẹ sórí kánfáàsì, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù líle tẹ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀dà umber, àwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ fi tápẹntáìnì là dáadáa tẹ̀ lé ìlà èédú náà kó má bàa parẹ́.

Ọ̀dà

Ẹ ò nílò púpọ̀. Titanium white, yellow ochre, raw umber, burnt sienna, pupa cadmium kan, ultramarine tó jẹ́ búlúù, viridian tó jẹ́ àwọ̀ ewé, àti ọ̀kan lára àwọn pupa quinacridone. Leonardo lo funfun olójé. Májèlé ni òjé, titanium ti tó wa. Ẹ yàgò fún alizarin crimson ti tẹ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ máa ń fà á gbẹ, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwòrán pálọ̀ wa nìyẹn. Ẹ má ra ọ̀dà tí kò kọ orúkọ èròjà rẹ̀ sára.

Ìpele àkọ́kọ́: ẹ fi umber àti tápẹntáìnì nìkan pa gbogbo kánfáàsì kó dà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi àkísà nù ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà kúrò. Ìpele kejì: umber àti funfun nìkan, kí ẹ fi ṣe gbogbo àwòrán náà láìsí àwọ̀ kankan. Ìmọ́lẹ̀ ń ti òsì wá, láti òkè. Ògiri òsì inú àwòrán wà nínú òjìji, ògiri ọ̀tún gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ìpele yìí. Tí àwòrán náà kò bá dúró ní dúdú àti funfun, àwọ̀ kò lè gbà á là.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, àwọ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Òfin kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rú: ìpele tó wà lókè gbọ́dọ̀ ní òróró linseed ju ti abẹ́ rẹ̀ lọ. Bí tòkè bá tètè gbẹ ju tìsàlẹ̀ lọ, yóò sán. Ẹ ti ẹ̀yìn wá síwájú: ojú ọ̀run àti òkè tó wà níta fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ lo búlúù tó ti rẹ̀, àjà, àwọn aṣọ ara ògiri, tí ó ní òdòdó kéékèèké lára, èyí tí àtúnṣe náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn, lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn, tábìlì ló kẹ́yìn.

Ẹ̀wù Jésù pupa, ìborùn Rẹ̀ búlúù, ó sì bo èjìká òsì. Fún búlúù yìí, mo máa ń kun funfun àti ultramarine kó gbẹ, kí n tó fi ultramarine àti òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Yóò jinlẹ̀ bí aró tí a rẹ aṣọ sí léraléra. Àwọn yòókù, ẹ máa dín àwọ̀ wọn kù bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí I.

Ojú

Ẹ má fa ìlà yí ojú ẹnikẹ́ni ká. Leonardo máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ́ wọ òjìji. Àwọn ará Ítálì ń pè é ní sfumato, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí èéfín. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ fẹ́ etí àwọ̀ méjì pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Ojú méjì lóòjọ́ ti pọ̀ tó.

Lórí Júdásì, ẹ gbọ́ mi. Àwọn ayàwòrán tó ṣáájú, bíi Castagno àti Ghirlandaio ní Florence, yà á sọ́tọ̀, òun nìkan ní òdìkejì tábìlì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n. Leonardo fi í sáàárín àwọn yòókù. Ojú rẹ̀ ṣú nítorí pé ó fà sẹ́yìn kúrò nínú ìmọ́lẹ̀, kò sí ìdí mìíràn. Ẹni tó bá sọ ọ́ di aláwọ̀ dúdú tàbí òbúrẹ́wà ti kun irọ́, ó sì ti ba ìbéèrè jẹ́. Bí ojú bá ti mọ ọ̀dàlẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni fi ń béèrè pé "Èmi ni bí?"

Ojú Jésù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun gbogbo ojú yòókù tán ni kí ẹ tó kùn ún. Vasari, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán Ítálì, kọ ọ́ pé Leonardo kò kun orí náà parí, torí ó rò pé òun kò lè fi ìwà-bí-Ọlọ́run tó yẹ sí i. Ipenpeju Rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ètè Rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ẹ má fi omijé sí i, ẹ má fi ẹ̀rín sí i. Ìyá tó gbéṣẹ́ náà fún mi ní kí n jẹ́ kí Olúwa wo òun lójú. Mo ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ilé rẹ̀ ni mo rí i pé Jésù ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ kò sì sí mọ́.

Tábìlì

Aṣọ funfun tó wà lórí rẹ̀ ní ìlà búlúù tí wọ́n hun sí etí, bẹ́ẹ̀ ni ojú kíká aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú àpótí hàn lára rẹ̀. Ẹ kun ojú kíká yẹn; òun ló ń jẹ́ kí tábìlì jọ tábìlì ilé. Búrẹ́dì, ife wáìnì, àwo òjé, ẹja pẹ̀lú ọsàn tí wọ́n gé. Àwo òjé gba àwọ̀ ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi àwo iyọ̀ tó ṣubú síwájú Júdásì, kó kéré. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ tábìlì, ẹ fi umber ṣe é nínú òjìji, kó má bàa fa ojú.

Gbígbẹ, fánísì àti àkísà

Kí ẹ dúró ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí ẹ tó fi fánísì pa á. Níbi tí ọ̀dà bá ti nípọn, ọdún kan. Oníbàárà á ń kánjú. Ẹ fún un ní iṣẹ́ náà láìsí fánísì, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa padà wá. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ká a láti fi ránṣẹ́, ojú ọ̀dà ni kó wà níta, lára ọ̀pá tó fẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àkísà: èyí tó bá mu òróró linseed lè gbaná fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá kó o jọ síbì kan. Inú agolo tó ní omi àti ìdérí ni kí ẹ máa jù ú sí, lójoojúmọ́.

Fún ẹni tó fẹ́ rà

Wọ́n ń kun ẹ̀dà àwòrán olókìkí tà ní ọ̀pọ̀ yanturu ní Dafen, nítòsí Shenzhen ní Ṣáínà, láti nǹkan bí 1989. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn ún lóòótọ́, àwọn tó mọṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni fọ́tò tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí kánfáàsì, tí wọ́n fi ọ̀dà tàbí gẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lé lórí kó lè rí págunpàgun. Ẹ mú u sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, ojú búrọ́ọ̀ṣì ń bá ìrísí nǹkan lọ: ó yí níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yí. Lára ayédèrú, gẹ́ẹ̀lì náà ń lọ síbi tó bá wù ú. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọwọ́ Pétérù tó di ọ̀bẹ mú. Tí ayàwòrán bá mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ti wá, ẹ fọkàn tán ìyókù.

Ẹ̀yìn kánfáàsì

Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí Leonardo ti kú, ní 1519. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ kọ síwájú àwòrán bí ẹni pé òun ló kùn ún. Ní Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, wọn kì í gbà kí ẹni tó ń da àwòrán kọ lo kánfáàsì tó bá ti ojúlówó dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi èké tà á. Tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀dà tí kì í parẹ́: ẹ̀dà ni, ọdún tí ẹ kùn ún, orúkọ yín, èyí tí ẹ mú láti ara ògiri Milan àti èyí tí ẹ mú láti ara Giampietrino. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn wa yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ẹ wá ògiri tí fèrèsé wà ní òsì rẹ̀, tí oòrùn kò sì ní kàn án tààrà. Ní yàrá ìjẹun Milan, òsì ni ìmọ́lẹ̀ òòjọ́ ti ń wọlé, Leonardo sì kun ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ kó bá a lọ. Mo gbé ẹ̀kẹta mi kọ́ bẹ́ẹ̀, nínú yàrá ìjẹun ìdílé kan. Nírọ̀lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, ògiri ọ̀tún inú àwòrán á mọ́ pẹ̀lú ti ilé, tábìlì wọn á sì dà bí ẹni pé ó ń bá ti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ.